Bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wọn ìrísí ohun èlò òkúta ayé ìwáṣẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Ẹ gbé òkúta kan kalẹ̀ kó dúró ṣánṣán lónìí, ẹ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ kó wọ́ díẹ̀ lọ́la, ìṣirò yóò ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ya fọ́tò ló yàtọ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ìdí nìyí tí a ó fi pẹ́ lórí tábìlì àti kámẹ́rà kí a tó kan sọ́fítíwíà. Àáké ọwọ́ la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ìyẹn òkúta tí wọ́n gbẹ́ lójú méjèèjì títí etí rẹ̀ fi mú yíká. Èyí tó wá láti Kokiselei, ní ìwọ̀-oòrùn Turkana ní Kẹ́ńyà, ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.76 ọdún, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n gbẹ́ ní Boxgrove ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 500,000 ọdún sẹ́yìn ṣì jọ ọ́ dé ibi tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń jiyàn lórí ìrísí rẹ̀ títí dòní. Ọ̀nà kan náà ṣeé lò fún orí ọfà òkúta àti fún awẹ́ òkúta, ìyẹn pẹlẹbẹ tó ń fò yọ nígbà tí a bá lu òkúta.

Ohun tí à ń wọn gan-an

David Kendall, onímọ̀ ìṣirò, ló là á ní ṣókí: ìrísí ni ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá ti yọ ibi tí nǹkan wà, bó ṣe tóbi tó, àti apá ibi tó kọjú sí kúrò. Ní àwọn ọdún 1960, François Bordes ní ilẹ̀ Faransé àti Derek Roe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọn gígùn, ìbú, nínípọn, àti bí ibi tó fẹ̀ jù ṣe jìnnà sí ìdí tó. Ẹ má ju ọ̀nà yẹn nù. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tó ń há nǹkan láti wọ̀n ọ́n, wọn gbogbo òkúta yín, nítorí òun lẹ ó fi mọ̀ bí fọ́tò bá ń purọ́. Ṣùgbọ́n òkúta méjì lè gùn ní 120 mm, kí wọ́n fẹ̀ ní 75 mm, kí ọ̀kan rí bí omi tó fẹ́ kán, kí èkejì rí bí ẹyin. Ìlà tó yí etí wọn ká ló máa fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Òkúta tó yẹ àti èyí tí kò yẹ

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí ẹ tó mú òkúta kankan. "Ṣé àáké ọwọ́ ibi méjì yìí yàtọ̀ síra?" kì í ṣe ẹgbẹ́ "Ṣé títún un pọ́n ló ń yí ìrísí rẹ̀ padà?" Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ òkúta púpọ̀ láti ibi méjèèjì. Ti èkejì ń fẹ́ kí ẹ mọ bí èèpo àtètèkọ́ṣe òkúta náà ṣe kù tó, àti iye ojú àpá ibi tí awẹ́ ti fò kúrò lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìfiwéra ẹgbẹ́ méjì, a kì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan dín ní 30. Èyí kì í ṣe òfin, àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, òkúta kan tó ṣàjèjì lè darí gbogbo àbájáde.

Ṣónṣó tó kán ni ọ̀tá tó burú jù. Bí 5 mm bá kán lórí òkúta 90 mm, ojú lè má tètè rí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á rí òkúta tí orí rẹ̀ kù. Ẹ má fi sọ́fítíwíà fọ́tò ya ṣónṣó tuntun sí i. Ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ yọ sílẹ̀, torí bó bá jẹ́ pé èyí tó ní ṣónṣó tín-ín-rín ló ń kán jù, àwọn ẹlẹ́yin nìkan ló máa kù sọ́wọ́ yín.

Ẹ ṣí àtẹ kan fún nọ́ńbà òkúta, ibi àti ìpele ilẹ̀ tó ti wá, irú òkúta, èèpo tó kù, ibi tó kán, ìwọ̀n kálípà, ọjọ́, àti ẹni tó ya fọ́tò. Ẹ má fo ti ìgbẹ̀yìn yẹn.

Orí tábìlì

Ẹ má fọ òkúta, ẹ má fi nǹkan kun ún, bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ wá èérí iṣẹ́ àtijọ́ tàbí àpá ìlò ní etí rẹ̀. Ohun rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń mọ nǹkan lè gbé òkúta dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní òróró tó ń wọ òkúta lára. Ẹ fi ọ̀rá tín-ín-rín wé e kí ẹ tó gbé òkúta lé e, kí ẹ sì rí i pé kò yọ sí etí òkúta nínú fọ́tò.

Bí a ṣe máa kọjú òkúta síbì kan náà ni kókó. Fún àáké ọwọ́: ṣónṣó sókè, ìlà tó gùn jù lára rẹ̀ kó dúró ṣánṣán, ojú tó yọ gùdùgùdù jù kó kọ sí kámẹ́rà. Fún awẹ́ òkúta: ibi tí wọ́n ti lù ú kó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà tí agbára ìlù náà gbà kó dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn tó ní àpá kó kọ sókè. Ọ̀nà mìíràn wà tó bójú mu, bíi kí a fi ìdọ́gba ọ̀tún àti òsì gbé òkúta sójú ìlà. Èyí tí ẹ bá mú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ dà wọ́n pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ojú òkúta pẹ̀lú: bí ẹ kò bá ní ìlànà fún ojú tó máa kọ sókè, òkúta tó tẹ̀ sí ọ̀tún á di atẹ̀sósì nígbà tó bá dà délẹ̀, ẹ ó sì wá máa sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́wọ́ òsì tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ gbé kámẹ́rà kọ́ sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó wo ilẹ̀ ní tààrà, kí ẹ fi omi ìwọ̀n àwọn bíríkìlà wò ó bóyá ó tẹ́jú. Lẹ́ǹsì 60 sí 100 mm ló dára. Lẹ́ǹsì tó fẹ̀, irú ti fóònù, máa ń fa etí àwòrán sóde, nítorí náà bó bá jẹ́ fóònù nìkan ló wà, ẹ dúró jìnnà, kí ẹ fi òkúta sí àárín, kó má gbà ju ìdajì àwòrán lọ. Ẹ kò nílò píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ tó-tò-tó tó para pọ̀ di àwòrán, rẹpẹtẹ: òkúta 100 mm tó gba píksẹ́lì 2,000 ti fún yín ní 0.05 mm fún píksẹ́lì kan, èyí tí ọwọ́ ènìyàn kò lè gbé òkúta kalẹ̀ déédéé tó.

Ibi tí rúlà wà ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ká ní kámẹ́rà ga ju tábìlì lọ ní 60 cm, rúlà wà lórí tábìlì, etí òkúta sì fi 3 cm ga ju rúlà lọ. 60 pín sí 57 jẹ́ 1.05, ìyẹn ni pé òkúta náà á tóbi ju bó ṣe rí lọ ní ìdá 5 nínú 100. Ní 150 cm, àṣìṣe náà á lọ sílẹ̀ sí ìdá 2. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ gbé rúlà sókè dé ibi tí etí òkúta ga dé, kí ẹ sì fà kámẹ́rà sẹ́yìn. Àwọn kan á ní ṣebí a ó yọ títóbi kúrò nínú ìrísí, kí ló wá kàn wá? Òótọ́ ni bí etí náà bá wà ní gíga kan yíká. Àáké ọwọ́ tí etí rẹ̀ lọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: apá tó ga á tóbi, apá tó rẹlẹ̀ á kéré, ìrísí fúnra rẹ̀ á sì wọ́.

Iná tó ń tàn láti abẹ́ gíláàsì ń pa òjìji rẹ́, ó sì ń mú kí etí òkúta dúdú gé ṣáká. Ṣùgbọ́n quartz, òkúta tó dà bíi gíláàsì, àti òkúta ìbọn tó dán máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba etí tín-ín-rín wọn kọjá. Etí náà á funfun bí ẹ̀yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì gé e dànù. Bí ìbú inú fọ́tò bá dín ju ti kálípà lọ léraléra, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fún irú òkúta bẹ́ẹ̀, ẹ pa iná abẹ́, ẹ tan iná méjì láti iwájú, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́.

Láti fọ́tò sí òjìji dúdú

ImageJ, sọ́fítíwíà fún wíwọn nǹkan nínú àwòrán, tó fún èyí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fa ìlà lé 50 mm lórí rúlà inú fọ́tò, ẹ kọ 50 sínú Set Scale. Ẹ sọ àwòrán di 8-bit, ìyẹn àwọ̀ eérú nìkan, ẹ lo Threshold títí òkúta nìkan á fi gba àwọ̀, ẹ lo Fill Holes kí ihò inú rẹ̀ dí, kí ẹ wá lo Analyze Particles pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré jù, kí eruku má bàa di òkúta. Nígbà iṣẹ́, ẹ fi PNG tàbí TIFF pamọ́. JPG tí wọ́n tẹ̀ rì ju bó ti yẹ lọ máa ń fi píksẹ́lì eléérú yí etí ká. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé òjìji dúdú lórí funfun wọ R, sọ́fítíwíà ìṣirò tí a ó lò nísàlẹ̀, ni kí ẹ tó sọ ọ́ di JPG, ní ipele tó dára jù.

Ẹ wo òjìji kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ó ń sú ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ó ti rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára òkúta tó di ihò, àti òjìji abẹ́ ìdí tó ti lẹ̀ mọ́ òkúta.

Àmì tàbí ìlà?

Orí ọfà tó ní ìrù, àti awẹ́ òkúta tí ibi ìlù rẹ̀ ṣì wà, ní ibi tí a lè tọ́ka sí lára gbogbo wọn: ṣónṣó, igun méjèèjì ibi ìlù, kòtò ọrùn. Níbẹ̀, ẹ fi tpsDig, sọ́fítíwíà fún títẹ àmì sórí fọ́tò, tẹ àmì sí ibi kan náà lára gbogbo wọn, ní ètò kan náà. Lára àáké ọwọ́, bóyá ṣónṣó àti àárín ìdí nìkan lẹ lè búra fún. Ẹ̀gbẹ́ tó kù á gba àmì tó ń yọ̀, ìyẹn àwọn tí ẹ pín sójú ìlà ní àlàfo dọ́gba, tí sọ́fítíwíà á sì sún síwá sẹ́yìn títí wọn ó fi bá ara wọn mu. Àmì 30 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó fún etí tó já gaara. Ẹ yí gbogbo òkúta ká sí apá kan náà: ẹyọ kan tí ẹ yí sódì á jáde lọ́tọ̀ pátápátá, plotOutliers inú geomorph, àkójọ ìlànà kan fún R, á sì fi í hàn yín ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Gpagen inú geomorph ló ń ṣe ìtòpọ̀ Procrustes. Ó ń gbé àárín gbùngbùn gbogbo wọn lé ara wọn, ó ń sọ wọ́n di ìwọ̀n kan, ó sì ń yí wọn títí ìyàtọ̀ á fi kéré jù. Ìwọ̀n tó yọ kúrò náà kò sọnù. Ó wà nínú Csize: ẹ wọn bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò ìlọ́po méjì àpapọ̀ náà.

Bí kò bá sí ibi tí ẹ lè tọ́ka sí, ẹ fi ìlà etí lódindi ṣiṣẹ́ nípa Fourier elíípù (elíípù ni òbìrìkìtì tó gùn gbọọrọ), èyí tí Kuhl àti Giardina gbé jáde ní 1982. Ó ń fi elíípù lórí elíípù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ harmonic, kọ́ ìlà náà: harmonic àkọ́kọ́ ya elíípù gbọọrọ kan, àwọn tó tẹ̀ lé e ń fi kọ̀rọ̀ àti ìtẹ̀ kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin. Nínú Momocs, àkójọ ìlànà mìíràn fún R, import_jpg ń ka òjìji, Out ń kó wọn jọ, coo_center àti coo_scale ń tò wọ́n, coo_slidedirection ń mú kí gbogbo ìlà bẹ̀rẹ̀ láti apá kan náà, calibrate_harmonicpower_efourier sì ń sọ iye harmonic tó gbé ìdá 99 tàbí 99.9 nínú 100 ìrísí náà. Kí ẹ má lọ gbé 40 torí pé kọ̀ǹpútà gbà á. Ohun tí àwọn tó pọ̀ jù yẹn ń yà ni jákujàku píksẹ́lì.

Pàkúté ńlá kan wà níbí. Efourier, ìlànà tó ń ṣe Fourier elíípù nínú Momocs, lè fi elíípù àkọ́kọ́ tún òkúta yí fúnra rẹ̀. Ó dára fún òkúta gbọọrọ. Ṣùgbọ́n bí òkúta bá fẹ́ rí roboto, elíípù náà kò mọ ibi tó gùn sí, òkúta méjì tó jọra bí ìbejì á dùbúlẹ̀ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan lè dorí kodò pàápàá. Lórí àtẹ, ẹ ó rí ẹgbẹ́ méjì tó pínyà mọ́rán-ín mọ́rán-ín, inú yín á sì dùn lásán. Níwọ̀n bí ẹ ti fi ọwọ́ yín gbé wọn sójú ìlà lórí tábìlì, ẹ kọ norm = FALSE, kí ẹ sì fi stack wò wọ́n lórí ara wọn kí ẹ tó lọ síwájú.

Ẹ wọn àṣìṣe ọwọ́ yín

Ìpele tí àwọn ènìyàn ń fò jù nìyí, òun sì ni a kì í gbà kí wọ́n fò. Ẹ mú òkúta 10 sí 15, kí ẹ̀yà gbogbo wà nínú wọn. Ẹ gbé wọn kalẹ̀, ẹ yà wọ́n, ẹ tẹ àmì wọn, kí ẹ kó wọn padà sínú àpótí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́tọ̀, ẹ tún tẹ àmì sórí fọ́tò kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí á sọ àṣìṣe ìka yín, èyí àkọ́kọ́ á fi ti ìgbékalẹ̀ kún un. Ti ìgbékalẹ̀ ló sábà ń tóbi jù. Bí ẹni méjì bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹnì kejì ṣe tirẹ̀ náà, kí á sì pín òkúta ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láàárín wọn. Bí ẹnì kan bá ya gbogbo ti ibi kìíní, tí ẹnì kejì ya gbogbo ti ibi kejì, kò sẹ́ni tó lè tú ìyàtọ̀ ibi kúrò lára ìyàtọ̀ ènìyàn mọ́.

Ẹ fi procD.lm inú geomorph ṣe ANOVA, ìṣirò tó ń pín ìyàtọ̀ sí orísun rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà òkúta gẹ́gẹ́ bí okùnfà. Ká ní MS (ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ tí ANOVA gbé jáde) àárín òkúta jẹ́ 0.031, MS tó ṣẹ́kù jẹ́ 0.001, ẹ sì wọ̀n wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta. 0.031 yọ 0.001 jẹ́ 0.030, pín in sí 3, ó di 0.010. Ẹ pín 0.010 sí 0.011 (ìyẹn 0.010 àti 0.001), ẹ ó rí 0.91: ìdá ìyàtọ̀ tó jẹ́ ti òkúta gan-an, tí kì í ṣe ti ọwọ́ yín. Bó bá wà lókè 0.9, a máa ń tẹ̀síwájú. Bó bá jẹ́ 0.7, ẹ padà sórí tábìlì. Àfikún òkúta kò lè wo àrùn yẹn.

Kíka àtẹ

PCA, ìṣirò tó ń kó ìyàtọ̀ púpọ̀ jọ sórí ìlà díẹ̀, á tẹ́ òkúta yín sílẹ̀ lórí PC1, PC2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sọ wọ́n lórúkọ kí ẹ tó ya ìrísí tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Lára àáké ọwọ́, PC1 sábà máa ń jẹ́ gbọọrọ sí fífẹ̀, PC2 sì máa ń sọ bóyá ibi tó fẹ̀ jù wà nísàlẹ̀ tàbí lágbedeméjì. PC1 tiyín kì í ṣe PC1 ẹlòmíràn, nítorí láti inú òkúta tí ẹ kó jọ ló ti jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi tiyín wé tiwọn, àfi kí ẹ kó méjèèjì sínú ìṣirò kan.

Àmì 60 ní ìbú àti òró jẹ́ nọ́ńbà 120. Lẹ́yìn tí Procrustes ti yọ mẹ́rin, ó ku 116. Bó bá jẹ́ òkúta 40 lẹ ní, LDA, ìṣirò tó ń wá ohun tó ya ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ jù, lè ya ẹgbẹ́ méjì tí ẹ fi owó ẹyọ dà pín sọ́tọ̀ láìṣàṣìṣe. Ẹ fi ìwọ̀nba PC ṣe é, kí ẹ sì máa yọ òkúta kọ̀ọ̀kan síta, kí ìyókù sọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe. Iye tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni kí ẹ gbé jáde.

Ká ní ẹgbẹ́ méjì yàtọ̀ nítòótọ́. Kò tíì di àṣà ìbílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán títóbi wò, coords ~ log(Csize) * ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìpààrọ̀ 999, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà da òkúta rú nígbà 999 láti wò bóyá ìyàtọ̀ náà kàn ṣèèṣì ni. Ẹ dán irú òkúta wò: òkúta odò pẹlẹbẹ àti bùlọ́ọ̀kù ńlá kì í bí ọmọ kan náà, bó ti wù kí agbẹ́kúta mọṣẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni títún un pọ́n, ohun tí wọ́n fi orúkọ George Frison pè: ohun èlò ń yí ìrísí padà bí wọ́n ṣe ń tún etí rẹ̀ ṣe, àáké tó kúrú tí orí rẹ̀ fẹ̀ sì lè jẹ́ arúgbó èyí tó gùn. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì dúró lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ àwọn tó gbẹ́ wọn.

Àwòrán ọwọ́ inú ìwé àtijọ́ ṣeé lò bí òkúta náà bá ti sọnù, ṣùgbọ́n ẹ má da á pọ̀ mọ́ fọ́tò. Ayàwòrán máa ń tún etí tó rí jákujàku ṣe láìmọ̀.

Nígbà tí fọ́tò kan kò tó

Bí ìbéèrè yín bá kan nínípọn, etí tó lọ́, tàbí ìwọ̀n inú òkúta, àfi àwòrán 3D, èyí tó ní gígùn, ìbú àti nínípọn. Fọ́tò 80 sí 150 yíká òkúta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 bo èyí tó tẹ̀ lé e, á ṣe é. Ẹ dà á délẹ̀ kí ẹ ya ojú kejì. ISO 100, ihò lẹ́ǹsì f/8 sí f/11, kámẹ́rà má mì. Sọ́fítíwíà tó ń sọ fọ́tò di 3D ni Meshroom àti Metashape: Meshroom jẹ́ ọ̀fẹ́, Metashape ń gba owó. Méjèèjì kò mọ bí òkúta ṣe tóbi tó àyàfi tí rúlà tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ bá wà nínú fọ́tò, nítorí náà ẹ fi kálípà yẹ gígùn wò nígbà tó bá jáde. Obsidian, òkúta dúdú bíi gíláàsì, ń tàn, quartz ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, méjèèjì á fún yín ní ojú oníhò. Cyclododecane, kẹ́míkà kan tí a fọ́n sí i, máa ń fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórí ìwé kí ẹ tó fọ́n nǹkankan. Onígun mẹ́ta kéékèèké tó para pọ̀ di ojú òkúta inú 3D, 100,000 sí 200,000 wọn fún òkúta kan ti tó. Sọ́fítíwíà SlicerMorph á bá yín tẹ àmì sí i.

Ẹ tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́, òjìji, fáìlì àmì, àtẹ, àti ìlànà R pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà geomorph tàbí Momocs tí ẹ lò. Orúkọ fáìlì má ní àlàfo, kó jẹ́ irú AB_017_oju1, kí oju1 sì túmọ̀ sí ojú kan náà lára gbogbo òkúta láti 001 dé ìparí.